Ká fèsì lójú ẹsẹ̀, àbí ká kọ́kọ́ bi í léèrè?

Ẹnìkan wò ọ́ lójú, ó ní: "Bí Ọlọ́run rẹ bá wà lóòótọ́, kí ló dé tí ọmọdé ń jẹ̀rora?" Kí lo máa ṣe?

O lè fèsì lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn dára bí ó bá jẹ́ irọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n ń pa mọ́ ẹ̀sìn rẹ níwájú àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á gbà á gbọ́.

O sì lè bi í pé, "Kí ló mú ọ béèrè?" Èyí ni mo fara mọ́ jù. Nígbà kan, mo ń ka ẹsẹ ìwé mímọ́ lé ara wọn fún ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí tábìlì, n kò tilẹ̀ kíyè sí i. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Pétérù Kìíní 3:15 ní kí Kristẹni múra tán láti dáhùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwà tútù àti ọ̀wọ̀. Kùránì 16:125 náà ní kí Mùsùlùmí fi ọ̀nà tó dára jù lọ bá àwọn ènìyàn jiyàn. Kò sí èyí tó ní ká pariwo mọ́ni.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ fi ọ́ ṣẹ̀sín ni, ìbéèrè rẹ á tú u fó. Nígbà náà, o lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí o máa bá tìrẹ lọ.