Prefect Bàbá Mi ní Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì Àgbà Kan ní Ṣágámù

Ọkọ̀ Ford Prefect ọdún 1952 tí bàbá mi fi ń ná ọjà obì láàárín Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà 4, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1172 cc, agbára tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kà sí i lọ́rùn kò sì ju agbára ẹṣin 30 lọ. Jíà mẹ́ta péré ni ó ní, bí ènìyàn mẹ́rin bá sì ti jókòó sínú rẹ̀, jíà kejì ni mo fi ń gun gbogbo òkè. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n kò pọ̀: kí ọkọ̀ náà lè gbé èmi, ìyàwó mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì nínú régbérégbé wa dé Ojúde Ọba láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá lára wa lójú títì.

Nínú ẹ̀ńjìnnì òde òní, inú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ìdérí ẹ̀ńjìnnì, ni fáàfù wà, ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, lókè písítìnì, irin tí ó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà. Nínú ti Prefect yìí, inú búlọ́ọ̀kù gan-an ni fáàfù dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì, tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ kò sì ju ìdérí irin pẹrẹsẹ kan tí púlọ́ọ̀gì wọ̀ lórí lọ. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ àti epo kì í já lu písítìnì tààrà. Yóò kọ́kọ́ gòkè láti ẹnu fáàfù, yóò ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú sílíńdà. Ibi kọ́nà yẹn ni ẹ̀ńjìnnì irú èyí kì í ti í lè mí dáadáa.

Mẹkáníìkì méjì tí mo ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ sọ ohun kan náà: kí a fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà títí tí kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, yóò fi le. Bàbá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù Ṣágámù yìí, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 70, kò fọwọ́ kan tọ́ọ̀pù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rárá. Wọ́n ní, "Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ agbára tí ó ti sọnù, kí n tó máa wá èyí tí ọkọ̀ náà kò ní rí." Wọ́n wọn kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan, méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì rẹlẹ̀ gan-an, nítorí pé fáàfù wọn kò jókòó dáadáa mọ́. Wọ́n lọ gbogbo fáàfù mọ́ ìjókòó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ńjìnnì yìí kò ní bóòtù tí a fi ń ṣe àlàfo tó wà nísàlẹ̀ fáàfù. Ìdí ọ̀pá fáàfù ni a ń lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí a bá sì lọ jù, a kò lè dá a padà. Ọjọ́ kan gbáko ni bàbá fi ṣe ìyẹn nìkan, mo sì ní àyè láti jẹ ìkọ́kọrẹ́ abọ́ méjì.

Nígbà tí ó wá kan tọ́ọ̀pù, mílímítà 1.5 ni wọ́n ní kí wọ́n fá. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ìda àbẹ́là rírọ̀ sí orí fáàfù, wọ́n de tọ́ọ̀pù padà, wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ̀ńjìnnì, wọ́n sì wọn bí ìda náà ṣe nípọn tó, kí fáàfù má baà kan irin lókè. Wọ́n ṣàlàyé pé bí a bá fá a jù, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti fáàfù bọ́ sí sílíńdà yóò fún, ẹ̀ńjìnnì yóò sì le bí òkúta láìrí èémí mí. Kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn iye ìlọ́po tí a fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, tí ó ju 6 lọ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá sún mọ́ 7. Èyí kò ba epo bẹntiróòlù wa lẹ́rù: epo tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ń ṣe irú ọkọ̀ yìí, ọ́kítéènì rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè gba ìfúnpọ̀ tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀, kò ju nǹkan bí 72 lọ, ti òde òní sì ti kọjá 90. Wọ́n tún fi kábúrétọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ àti páìpù sàlẹ́ńsà tí ó tóbi ju ti àtijọ́ sí i.

Òkè tí ó ń fi jíà kejì gùn, jíà kẹta ló fi ń gùn ún báyìí, àwa mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Èyí dùn mọ́ mi ju iye agbára ẹṣin èyíkéyìí tí ẹnikẹ́ni lè kọ sínú ìwé fún mi lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n dá fún mi di ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí láti sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ló di nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù láìtẹ̀lé ètò, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù sì fẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, kí n tó dé Òdógbólú. Bàbá fúnra wọn ló wá fà á padà, wọn kò gba kọ́bọ̀, wọ́n sì tún àwọn nọ́ọ̀tì náà dì lẹ́yìn tí ẹ̀ńjìnnì ti gbóná tán. Ooru ṣì jẹ́ ìṣòro díẹ̀, nítorí pé kò sí pọ́ńpù omi lára ẹ̀ńjìnnì yìí. Omi gbígbóná ló ń gòkè fúnra rẹ̀ lọ sí rẹdiétọ̀, tí èyí tó tutù ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbọ́n ẹrẹ̀ ìpẹtà inú búlọ́ọ̀kù kúrò, síbẹ̀ mi ò lè dúró pẹ́ nínú gòsúlóò.

Mo béèrè bóyá wọ́n lè tún fi kún agbára rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Bẹ́rìnì rẹ̀ jẹ́ irin funfun rírọ̀ tí a yọ́ dà mọ́ ara kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí písítìnì fi ń yí ẹ̀ńjìnnì, kò sì fẹ́ eré àsápajúdé. Ọ̀pá irin ni ó sì ń fa búrééèkì rẹ̀, kì í ṣe òróró. Wọ́n ní búrééèkì ni kí n kọ́kọ́ gbé wá lẹ́yìn Iléyá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ó mú gásíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání, ó kéré tán méjì. Mo wá a ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, títí, n kò rí i. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi ti wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì gbà kí ó tó dé.