AMCAS: bí wọ́n ṣe ń ṣírò GPA sáyẹ́ǹsì ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè MD (oyè dókítà) ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ AMCAS, iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ máa gbà kọjá, àyàfi tó bá jẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Texas tó ń lo TMDSAS, iṣẹ́ ìgbàwọlé tiwọn, nìkan ló ń lé. AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, ló ni iṣẹ́ náà. Fún ìgbàwọlé 2025, dọ́là 175 ni owó ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, owó mìíràn sì ń gun orí rẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un. Ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an ni àyẹ̀wò: wọ́n á fi gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ kọ wé transcript yín (ìwé èsì láti yunifásítì), wọ́n á sì tún GPA yín, ìyẹn ìpíndọ́gba gíréèdì, ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Iye tí yunifásítì yín ti ṣírò kọ́ ni wọ́n ń lò.

GPA sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè ní BCPM, ìyẹn báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ẹ̀ka tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe é dára gan-an, nítorí ohun tí kọ́ọ̀sì ń kọ́ni ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo orúkọ dìpátímẹ́ǹtì tó gbé e kalẹ̀. Statistics tí ẹ ṣe lọ́dọ̀ àwọn psychology, ìṣirò ni. Neuroscience tó wà níbẹ̀ náà, báyọ́lọ́jì ni. Biochemistry bọ́ sí kẹ́mísírì, astronomy bọ́ sí físíìsì.

Àṣìṣe kékeré níbí máa ń náni ní nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan gba B+ nínú báyọ́lọ́jì kírẹ́díìtì 4, ìyẹn 3.3 lọ́nà 4, ó jẹ́ 13.2. Ó gba A nínú kẹ́mísírì kírẹ́díìtì 4, 16 nìyẹn. Ó gba A nínú statistics kírẹ́díìtì 3, 12 nìyẹn. Àpapọ̀ jẹ́ 41.2; tí a bá pín in sí 11, ó di 3.75. Tó bá fi statistics yẹn sábẹ́ psychology, 29.2 lórí 8 ló kù, ó di 3.65.

Àwọn mìíràn wà tó jọ sáyẹ́ǹsì tí kò sì wọ BCPM: engineering, computer science, geology, nutrition, public health, kódà pharmacology. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ro iṣẹ́ dókítà. Kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò wọlé. Anatomy, physiology, microbiology àti kẹ́mísírì tí wọ́n ṣe lójú ọ̀nà ló wọlé, wọn kì í sì í pọ̀, nítorí náà C kan ṣoṣo lè fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀.

Kọ́ọ̀sì tí ẹ tún ṣe, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ń kà. C nínú físíìsì kírẹ́díìtì 4, tí ẹ wá tún ṣe tí ẹ gba A, 3.0 ni lójú AMCAS, bí yunifásítì yín tilẹ̀ ti pa C yẹn rẹ́. Ó le, ṣùgbọ́n bákan náà ni fún gbogbo ènìyàn. A+ kò ju 4.0 lọ, A- jẹ́ 3.7. Gíréèdì P (ìyẹn pass, ó yege) kò wọ GPA rárá. Kírẹ́díìtì 5 ti quarter (sáà ẹ̀kọ́ tó kúrú ju sẹ̀mẹ́sítà lọ) á di nǹkan bíi 3.3 ti sẹ̀mẹ́sítà.

Ẹni tó kàwé jáde ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ á kọ orúkọ yunifásítì náà sínú fọ́ọ̀mù, àmọ́ AMCAS kì í ṣírò gíréèdì ilẹ̀ òkèèrè. Kọ́ọ̀sì ìpele dìgírì àkọ́kọ́ tó bá ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà ló máa ní GPA. Kó má rò pé master's lè ṣe iṣẹ́ yẹn: ìlà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ẹni tí ìṣirò gbè lẹ́sẹ̀ máa jèrè lọ́dọ̀ AMCAS ju ọ̀dọ̀ AACOMAS lọ, iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ DO (oyè dókítà mìíràn ní Amẹ́ríkà), nítorí ìṣirò kò sí nínú GPA sáyẹ́ǹsì ti AACOMAS. TMDSAS ti Texas kì í ka àmì ìyọkúrò àti àròpọ̀: A- di 4.0, B+ di 3.0. Ẹni tí B+ rẹ̀ pọ̀ máa pàdánù níbẹ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn lára AMCAS ni pé fọ́ọ̀mù wọn kì í fi GPA hàn yín kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ẹ ṣe ìṣirò yín fúnra yín sórí Excel ṣáájú. Àyẹ̀wò náà tún ń falẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, tí èrò bá pọ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí gbogbo transcript yín á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ béèrè transcript ní oṣù karùn-ún tí fọ́ọ̀mù bá ti ṣí. Ẹ má dúró de èsì MCAT (ìdánwò ìgbàwọlé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn) tàbí lẹ́tà àwọn olùkọ́ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, nítorí àyẹ̀wò kò nílò wọn. Tí wọ́n bá yí ẹ̀ka kọ́ọ̀sì yín padà, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un wò, ṣùgbọ́n kíá ni, kí ẹ sì ti ní ìwé tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ nínú kọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́.