Láàbù tó sọ fún mi pé AA kọ́ ni mí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, owó wọn ga díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo san, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo ti ṣe jẹ́nótáìpù nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ péré ni, kò pẹ́ kò jìnnà wọ́n ti fún mi ní bébà: AA. AA yẹn ni mo gbé kiri fún ọdún méje, mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn.

Àfẹ́sọ́nà mi, AS ni, mo ní kò séwu. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ká lọ tún un ṣe, ni ẹ̀gbọ́n mi kan bá júwe láàbù yìí n'Íbàdàn.

Àga ò tó, fáànù kan ló ń yí, obìnrin tó wà níwájú sì ń pariwo orúkọ èèyàn bí ẹni ń polówó ẹ̀kọ. Ọjọ́ kejì lèsì tó jáde. AC! Mo ní ẹ ti gbé ti ẹlòmíì fún mi. Bọ̀dá tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì náà ò bínú o, ó pè mí wọlé, ó fi bébà tí wọ́n ti iná mànàmáná fa ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀ hàn mí. Ó ní A máa ń sáré lọ jìnnà, S á wà láàárín, C ló ń wọ́ jù. Tèmi, ilà kan ti lọ réré, ìkejì ò tíì kúrò nídìí ibi tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sí. Ó ní ó jọ pé sickling nìkan ni wọ́n ṣe fún mi níjọ́sí, ìyẹn S ló ń wá, kò mọ C rí.

Kí wá ni C? Ó ní ojú kan náà ni àṣìṣe òun àti S wà nínú jíìnì tí ara fi ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ lẹ́tà tó yí nínú S kọ́ ló yí nínú C, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Ọmọ á mú ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, torí náà èmi AC, àfẹ́sọ́nà mi AS, gbogbo oyún tá a bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SC. SC náà sickle cell ni o, ó sábà ń rọ̀ ju SS lọ, àmọ́ ó ń ba ojú jẹ́, ó ń ba eegun ìgbáròkó jẹ́. Èmi tí mo rò pé AS àti AS nìkan ló níjà!

Àfẹ́sọ́nà mi ti lọ tún tiẹ̀ ṣe níbẹ̀, AS náà ni. A ṣì ń sọ ọ́ láàárín ara wa.

Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ lórí èsì, ṣùgbọ́n wọ́n tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin. Ẹ fi ìkarùn-ún ra àga.