Àyẹ̀wò Ojú Ìran Mẹ́ta ní Ilé Ìwòsàn Ojú Kan ní Bódìjà

Ìwé pélébé kan tí olùkọ́ ọmọ mi fi ránṣẹ́ sílé ni ó gbé wa dé ilé ìwòsàn ojú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Olùkọ́ náà kọ ọ́ pé ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 6, kì í lè da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ mọ́, àfi kí ó yọjú sínú ìwé ẹni tí ó jókòó tì í. Bí ìyá mi ṣe gbọ́ pé a ń lọ, ó ní òun náà yóò bá wa lọ, kì í ṣe nítorí àìsàn kankan, bí kò ṣe pé ojú àgbà ti dé, gbogbo nǹkan sì ń ṣe bàìbàì. Èmi tí mo ti pé ọdún 44 kúkú ti ń na fóònù jìnnà sí ojú kí n tó lè ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi. Bí a ṣe di mẹ́ta nìyẹn.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ tí mo fẹ́ fi kàn wọ́n, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ka èyí fi ohun tí a rí níbẹ̀ wọn ilé àyẹ̀wò yòówù tí ó bá wà nítòsí rẹ̀. A débẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kò sì sẹ́ni tí ó pè wá títí aago mẹ́wàá fi kọjá. Owó káàdì àti àyẹ̀wò jẹ́ ₦7,000 fún àgbàlagbà, ₦5,000 fún ọmọdé. Ẹ̀rọ kan wà tí ó ní àwòrán bàlúùnù nínú, tí wọ́n máa ń ní kí èèyàn gbé àgbọ̀n lé; ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta awò ojú ní ìgboro kì í ṣe ju èyíinì lọ kí wọ́n tó gbé awò léni lójú. Níhìn-ín, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásán ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà ṣe, ìyẹn ni ó sì kọ́kọ́ wú mi lórí.

Pátákó lẹ́tà tí wọ́n ní kí ọmọ mi kà ni irú èyí tí dókítà ará Netherlands kan, Herman Snellen, gbé jáde ní ọdún 1862, tí a máa ń wò láti mítà 6. Yàrá wọn kò gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n fi dígí sára ògiri kí ìwọ̀n náà lè pé. Nígbà tí ọmọ náà la ojú méjèèjì, ó ka ìlà mẹ́rin kí ó tó dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bo ojú ọ̀tún, lẹ́tà ńlá tí ó wà lókè pátápátá nìkan ni ojú òsì rí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, àwa náà kò sì fura, nítorí ojú ọ̀tún ni ó ti ń ru ẹrù ojú méjèèjì. Dókítà ṣàlàyé pé bí ojú kan bá ṣe aláìlera tó bẹ́ẹ̀ lọ́mọdé, ọpọlọ a máa pa á tì, bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀ kí ọmọ tó kọjá ọdún 7 tàbí 8, awò nìkan lè má lè dá a padà sípò mọ́. Ó ní kí ó máa lo awò láti àárọ̀ di alẹ́, kí a sì máa bo ojú ọ̀tún fún wákàtí 2 lójúmọ́ kí ojú òsì lè ṣiṣẹ́. Ọmọ náà gan-an ni ó kọjú sí tí ó ń bá sọ̀rọ̀: ó ní ojú òsì rẹ̀ ń sùn ní kíláàsì, a sì fẹ́ jọ jí i.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ wà. Wọ́n kán oògùn sí i lójú kí ọmọlójú rẹ̀ lè là gbòòrò, ohun tí ó yẹ ni, nítorí ojú ọmọdé a máa tan ẹ̀rọ jẹ bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ pé oòrùn yóò máa gún un lójú, àti pé kò ní lè ka ìwé títí di ọjọ́ kejì. Fìlà ni mo fi bo ojú ọmọ lọ́wọ́ ọ̀sán nígbà tí a ń wá ọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà. Wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú rẹ̀, wọ́n bá 28 lọ́tùn-ún àti 31 lósì, bẹ́ẹ̀ láàárín 10 sí 21 ni ó sábà máa ń wà. Wọ́n wá ní kí ó gbé orí sínú ẹ̀rọ kan tí ó dà bí abọ́ funfun ńlá, kí ó máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tí ó bá rí iná kékeré kan. Ìyá mi, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò ríran, ń tẹ bọ́tìnì kódà nígbà tí iná kò tàn, wọ́n sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Glaucoma ni. Àìsàn yìí a máa ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti kọ́kọ́ ń dínkù, kì í sì í dunni, tí ó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn kì í mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ohun tí ó bá ti lọ kì í padà, èyí tí ó ṣẹ́ kù ni oògùn ń dáàbò bò. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń tètè bá wa, pàápàá bí ó bá ti wà nínú ẹbí.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó tó gbogbo owó tí a san: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni ẹ máa ń kán sójú?” Ìyá mi fa ìgò kékeré kan yọ nínú báàgì. Kẹ́místì ni ó ti rà á nígbà tí Àpòló jà ní àdúgbò, ìyẹn ojú pípọ́n tí àwọn èèyàn sọ ní orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969. Àpòló ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún méjì tí oògùn náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ń pa yíyún ojú. Dókítà ka ara ìgò náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan hàn mí níbẹ̀: dexamethasone. Bí èèyàn bá ń kán irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí àmójútó, ó lè mú kí ìfúnpá ojú ga, ó sì lè fa cataract, ìyẹn kí inú ẹyinjú máa funfun. Kò sọ pé òun nìkan ni ó dá wàhálà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìgò náà.

“Bí ojú bá tún wá ń yún mi ńkọ́?” ni ìyá mi bi í. Ó kọ òmíràn tí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú fún un, pẹ̀lú èyí tí yóò máa kán lálaalẹ́ fún ìfúnpá.

Tèmi kò gba àkókò. Ojú tí ó ti kọjá 40 ọdún ni, dókítà sì sọ fún mi láìfepobọyọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ojú mi méjèèjì ti bá ara wọn dọ́gba, awò ìkàwé +1.50 tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ yóò tó mi. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ń ta awò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé ọ̀rọ̀ yìí kò dé ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta férémù. Obìnrin tí ó dá wa lóhùn tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí n fi ₦15,000 kún owó awò ọmọ mi fún dígí tí ń dènà ìmọ́lẹ̀ búlúù fóònù. Àyẹ̀wò àwọn ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2023 kò rí i pé irú dígí bẹ́ẹ̀ ń dín àárẹ̀ ojú kù. Ohun tí ń mú ojú rẹ̀wẹ̀sì nídìí fóònù ni pé a kì í ṣẹ́jú tó, a kì í sì í gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń ṣeré níta lójú mọmọ sì ti ń ṣe ohun tí ó ṣe ojú rẹ̀ láǹfààní ju dígí yẹn lọ. Mo kọ̀ ọ́. Dígí oníke tí kì í tètè fọ́ ni mo san owó lé lórí, nítorí ọmọ tí ó bá ń sáré yóò ṣubú. Férémù ọmọdé wọn kò pọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n ṣe fún imú tí ó ga, tí ó ń yọ́ bọ̀ lójú ọmọ tiwa. Okùn ni a fi dè é sẹ́yìn orí.

Ọjọ́ 5 ni wọ́n dá, ọjọ́ 9 ni awò náà jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú mi kí wọ́n tó fi lé wa lọ́wọ́, bóyá ó bá ohun tí dókítà kọ mu, n kò sì tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí máàkì bá wà, 7 nínú 10 ni n ó fún wọn, gbogbo 7 náà sì jẹ́ ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ó padà lọ. Dókítà ní kí gbogbo ọmọ ìyá mi wá yẹ ojú wò, ìfúnpá tèmi sì jẹ́ 18. Àbúrò mi ti lọ ní tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà ní Èkó ni mo ṣì ń pè lójoojúmọ́. Ó ní ojú kò dun òun.