Táǹkì gíláàsì 80 lítà fún abo bẹ́tà: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù méje

Abo bẹ́tà, ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré tó mọ ìjà, márùn-ún ló wà nínú táǹkì yìí báyìí, ní Lágéré nílùú Ilé-Ifẹ̀. Páálí tó bá a wá ní méjìlá ló gbà. Ẹ má gbà á gbọ́. Táǹkì náà fúnra rẹ̀ dáa, ẹni tó mọ gíláàsì á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà nínú ẹrù tí wọ́n kó mọ́ ọn tí ẹ gbọ́dọ̀ yọ kẹ́ ẹ tó fi ẹja sí i: fílítà rẹ̀, àti tẹmómítà oníbébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì.

Gíláàsì rẹ̀ nípọn tó mílímítà 6. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 35, ó ga ní 38. Lóòótọ́, 80 lítà nìyẹn lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bu omi bẹ́tà kún dé etí. Ojú omi ni bẹ́tà ti máa ń wá gba afẹ́fẹ́ sínú, ó sì mọ fífò, nítorí náà ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí. Omi tó máa wà níbẹ̀ á jẹ́ 71 lítà. Tí yanrìn àti àpáàdì bá ti gba àyè tiwọn, ó ku nǹkan bíi 65. 65 yìí ni kẹ́ ẹ máa fi ṣírò oògùn, kì í ṣe 80. Tí ẹ bá ro omi, yanrìn àti gíláàsì pọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì, tábìlì oníke kò lè gbé e. Ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé e síbi tó máa wà, ẹ bu omi kún un níta fún ọjọ́ kan gbáko, kẹ́ ẹ máa fi tíṣù gbígbẹ nu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá ó ń sun. Eléyìí kò sun rárá.

Fílítà ni wàhálà. Ó lágbára jù. Tí ẹ bá tàn án, ẹ máa rí i tí yanrìn ń ṣí lọ ní igun kejì, ẹja tó bá sì fẹ́ sinmi á máa wẹ̀ láìdúró títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́. Ojú ihò tó fi ń fa omi náà fẹ̀ débi pé lẹbẹ ẹja tí ara rẹ̀ ò yá lè há sí i. Fílítà fóòmù lásán tó ń lo pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sàn jù ú lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ ra pọ́ǹpù tó ní bátìrì nínú, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ gbé pọ́ǹpù náà sí òkè ju ojú omi lọ, tàbí kẹ́ ẹ fi fáàfù kékeré sójú rọ́bà rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí bátìrì bá tán, omi á gba inú rọ́bà padà wá sínú pọ́ǹpù, á sì dà sílẹ̀ sínú ilé.

Àwọn kan máa ń sọ pé bẹ́tà kò nílò pọ́ǹpù torí pé ó ń mí afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni pé bẹ́tà kò ní tètè kú tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n bakitéríà tó ń gbé inú fóòmù, tó ń sọ ìdọ̀tí ẹja di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóró, kò lè mí lójú omi. Tí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, amóníà, oró tó ń ti inú ìdọ̀tí ẹja wá, á sì gòkè. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ tí kò tètè dé, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ fóòmù náà, inú omi tí ẹ bù jáde látinú táǹkì ni kẹ́ ẹ ti fún un, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí omi tó dúdú bí ẹrẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ sì dá a padà. Tí ẹ bá fi omi ẹ̀rọ tó ní kiloríìnì fọ̀ ọ́ títí tó fi funfun, ẹ ti pa àwọn òṣìṣẹ́ yín nìyẹn.

Hítà 100 wáàtì tó bá a wá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nọ́ńbà ara rẹ̀ ń purọ́: tí ẹ bá gbé e sí 26, omi á dé 29. Tẹmómítà oníbébà náà ò ràn wá lọ́wọ́, ooru yàrá ló ń kà ju ti omi lọ. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń rì sínú omi, kẹ́ ẹ sì yí hítà títí omi fi dúró láàárín 25 sí 27. Lásìkò ọyẹ́ ni ẹ máa mọ ìwúlò rẹ̀, torí òtútù òru Ifẹ̀ nígbà náà kì í ṣe eré, afẹ́fẹ́ tútù tí ẹja ń mí lójú omi sì burú fún un bí omi tútù ṣe burú. Ìdérí gíláàsì náà kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ lóru. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi, ẹ pa hítà, kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kó má baà fọ́ nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ní ti àlàáfíà, ojú ni ìjà abo bẹ́tà ti ń bẹ̀rẹ̀. Táǹkì tó tóbi tó sì ṣófo burú ju èyí tó kéré tó kún fún ewéko lọ. Ẹ jókòó sí ìpẹ̀kun kan, kẹ́ ẹ wo ìpẹ̀kun kejì: tí ẹ bá rí gíláàsì ọ̀hún kedere, ẹ kò tíì ṣe tó. Yanrìn tí a fọ̀ mọ́, sẹ̀ǹtímítà 3, ló wà nísàlẹ̀ eléyìí. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ mẹ́jọ ló wà lórí yanrìn, tí a fi òkúta ha etí wọn kó má baà ya lẹbẹ. Ní ìlú tí wọ́n ti fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fowó ra ihò oníke fún ẹja. Lójú omi, ojú oró ni. A ti mọ̀ pé òun ló ń lékè omi, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n ni ẹja tí wọ́n ń lé máa ń sá sí. Èyí tí ẹ bá já ní odò, ẹ kó o sínú garawa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ máa yọ ìgbín àti kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bo ju ìdajì ojú omi lọ.

Iná LED rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ tó o. Ewé furúùtù gbígbẹ tó fúnra rẹ̀ já bọ́, tí a fọ̀, ewé mẹ́ta, á sọ omi di àwọ̀ tíì, ìmọ́lẹ̀ á sì rọ̀ fún wọn.

Omi ẹ̀rọ tó ń rùn kiloríìnì, ẹ fi oògùn tó ń pa kiloríìnì sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ nínú garawa tó ṣí fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí omi dàgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìsí ẹja, kẹ́ ẹ máa ju oúnjẹ díẹ̀ sí i kí bakitéríà lè rí nǹkan jẹ. Amóníà òdo, náítíráìtì (oró tí amóníà kọ́kọ́ ń dì) òdo, kí ẹja tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá mẹ́rin kan omi ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀.

Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo abo wọlé, lálẹ́, kí iná wà ní pípa. Kí wọ́n tó ara wọn, tí wọ́n bá sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ó dára jù. Ẹ má fi méjì tàbí mẹ́ta sí i, torí ẹyọ kan ni gbogbo ìyà á máa jẹ. Ẹ yẹ ikùn wọn wò kẹ́ ẹ tó sanwó: abo ní àmì funfun kékeré bí hóró iyọ̀ kan lábẹ́ ikùn. Àwọn tó ń tà á máa ń ta akọ tí lẹbẹ rẹ̀ kúrú bí abo, akọ kan ṣoṣo sì lè dá ilé rú. Ọmọ akọ míì tilẹ̀ lè ní irú àmì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìsinmi, tí irùngbọ̀n aláwọ̀ dúdú sì yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ fura sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á máa lé ara wọn. Ìyẹn ò burú: wọ́n ń to ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Èyí tó burú ni kí ọ̀kan dúró sí igun òkè, ìlà gbọọrọ méjì láti orí dé ìrù, kó má wá jẹun. Ẹni tó ń lé e ni kẹ́ ẹ mú jáde, kì í ṣe òun. Tí ẹ bá dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, ipò ọ̀gá á ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oúnjẹ ẹja àrọ̀ onímílímítà 2 tóbi jù. Onímílímítà 1 ni, hóró mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́ fún ẹja kan, kẹ́ ẹ sì jù ú síbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀gá má baà dá jẹ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, wọn ò jẹun. Tanwíjí inú omi òjò mímọ́ dára púpọ̀. Ti inú gọ́tà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí ìrù bá ń jẹrà, ẹ gbé ẹja náà sínú ike lọ́tọ̀, iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì, ṣíbí tíì kan sí lítà mẹ́rin, tí a ti yọ́ tẹ́lẹ̀, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú omi tuntun lójoojúmọ́.

Abo bẹ́tà tó ń gbé pọ̀ lè ṣe oṣù mẹ́fà láìjà kí wọ́n tó já ara wọn jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kẹ́ ẹ tó ra táǹkì yìí, ẹ kọ́kọ́ ra ike márùn-ún onílítà 15, pẹ̀lú ìdérí tí a lu ihò sí, kẹ́ ẹ kó wọn sábẹ́ tábìlì. Ẹni tí kò bá ní àyè fún wọn, kó ra ẹja kan.