Ìkìlọ̀: àgúnmu làkúrègbé inú ike funfun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ra àgúnmu làkúrègbé inú ike funfun tí kò lórúkọ, èyí tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp. ₦6,500 ni mo rà á fún màmá mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀ náírà, mo fi ra ìjàngbọ̀n wọlé!

Alágbo náà búra fún mi pé ewé àti egbò nìkan lòun gún, pé kò sí oògùn òyìnbó níbẹ̀. Irọ́! Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Kó tó di wákàtí kan, orúnkún tó ti ń dùn wọ́n láti ọdún mẹ́ta ti fúyẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Ewé àti egbò kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yá bẹ́ẹ̀ ni oògùn òyìnbó tó ń pa ìrora, bíi phenylbutazone, tàbí dipyrone tí NAFDAC ti fòfin dè, tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Àwọn yìí ló lè run ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà. Kì í ṣòní: ní 1975, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn tí ẹ̀jẹ̀ funfun wọn run lẹ́yìn tí wọ́n lo Chui Fong Tou Ku Wan, "oògùn ìbílẹ̀" Ṣáínà. Phenylbutazone wà nínú ẹ̀, aminopyrine tó jẹ́ ìbátan dipyrone náà wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ibà dé. Ọ̀fun ń dun màmá mi débi pé itọ́ ò ṣeé gbé mì, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n wọn bó. Mo rò pé ibà lásán ni, mo sì tún ń po àgúnmu náà fún wọn! Ẹ má bú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ni kì í fún ìyá ẹ̀ lágbo? Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, neutrophil wọn, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà, jẹ́ 0.2, ó yẹ kó ju 1.5 lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò ní ọsibítù. Mo da ìyókù sórí ọ̀rá dúdú, mo sì rí hóró funfun wínníwínní bí iyọ̀ láàárín àgúnmu pupa náà. Ọ̀dájú! Olè!

Tí ẹ bá ti lo irú ẹ̀, tí ibà àti ọ̀fun dídùn tẹ̀lé e, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ lọ ṣe FBC pẹ̀lú differential, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ka irú ẹ̀jẹ̀ funfun kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbé ike náà dání, ẹ má dà á nù. Àgbo mìíràn tó bá sì ní nọ́ńbà NAFDAC tó parí sí L, wọ́n kàn forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni. Nọ́ńbà náà kò sọ pé àgbo ọ̀hún ń wo àìsàn kankan.

Èmi ò fọkàn tán alágbo kankan mọ́. Obìnrin tó ta àgúnmu náà fún mi ti dí nọ́ńbà mi. Lórí fóònù àbúrò mi ni mo ti rí i lánàá: ike funfun kan náà, ₦7,000 ni báyìí.