Aago iná tó ń sọ Yorùbá ní plásà wa ní Ìdúmọ̀tà

Aago iná plásà wa dún lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde. Ojú mi ló ṣe. Mò ń wọn léèsì fún oníbàárà kan lọ́wọ́. Ó béèrè pé ọkọ̀ ta ló ń ké níta, mo ní mi ò mọ̀, mo ń wọn aṣọ mi lọ. Ìyá Ìbejì tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kanra ò tilẹ̀ gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀, lórí wa níbẹ̀, ní àjà kejì, fáànù oníbátìrì kan tí wọ́n ti kì bọ iná láti àná ló ń jó gburugburu. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ló sáré já ẹ̀rọ paná-paná pupa lára ògiri, tó fi ìyẹ̀fun inú rẹ̀ pa á. Ọlọ́run ló yọ wá. Aago yẹn dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ Ìdúmọ̀tà, ta ni yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tí wọ́n fara gbún?

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù ilé náà, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ta léèsì níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù 64 ni wá, láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹta. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí wọ́n wá ṣí aago yẹn fún mi kí n rí inú rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ bá wa ṣe é, mi ò ní dárúkọ wọn, ti gba owó wọn pé, wọ́n sì ti fún wa ní ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ tí alága wa gbé kọ́ sára ògiri. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí irin tó jẹ́ ọpọlọ aago náà, àyè bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀, wáyà pupa àti dúdú ń rọ̀ dirodiro, bátìrì ò sí. Ìyẹn ni pé ìgbàkígbà tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, aago wa ti kú nìyẹn. Ní Èkó níbí! Odidi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin la fi ń sùn lé àpótí òfìfo. Bọ́tìnnì tí wọ́n ní ká máa tẹ̀ bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ̀yìn fírísà ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n kàn án mọ́, ó sì ga débi pé Ìyá Ìbejì ò lè nawọ́ kàn án.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2012, ilé tí wọ́n kó bàńgà pamọ́ sí bú gbàmù lágbègbè Jankara, iná sì ran àwọn ilé tó yí i ká. Oṣù kọkànlá ọdún 2019, Bàlógun jó. Oṣù kìíní ọdún 2020, ó tún jó. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní Broad Street tí kò jìnnà sí wa, iná sọ ní ilé gíga kan, a rí àwọn èèyàn lójú fídíò tí wọ́n ń gba ojú fèrèsé jáde nínú èéfín, àwọn mìíràn ò sì jáde láàyè. Ọkọ̀ panápaná kì í tètè ráyè wọ àdúgbò wa. Ọ̀nà há, ọjà ti gba ojú títì, alábàrù ń lọ, alábàrù ń bọ̀. A ti lẹ nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, 767 àti 112, mọ́ ẹnu àtẹ̀gùn gbogbo, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé ní lẹ́tà gàdàgbà kí ẹni tí ẹ̀rù bá má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n tó dé, ọwọ́ wa ni ẹ̀mí wa wà.

Àwọn tí a wá gbé iṣẹ́ fún lẹ́ẹ̀kejì, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni wọ́n ní Ojúẹlẹ́gba, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Obìnrin yẹn ni ọ̀gá. Ọmọ tí mo lè bí ni, Mọ́mì ló ń pè mí, Ẹnjiníà ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò mú ìwé owó kankan dání. Ẹ̀rọ kan tó tó fóònù ló mú wá, tó ń wọn ariwo, ó sì ní kí n mú òun yíká ilé ní aago kan ọ̀sán gan-an, nígbà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ bá ń ké. Lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ náà ka decibel 86, decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, 78. Lẹ́yìn pátápátá ní àjà kẹta, 61. Ó ṣàlàyé fún mi pé NFPA 72, òfin aago iná tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ni òun fi ń ṣiṣẹ́: ohùn aago gbọ́dọ̀ fi decibel 15 ju ariwo tó sábà ń wà níbẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 110 kó má baà ba etí jẹ́. Nítorí náà, agogo kan tí wọ́n kàn kọ́ sí àárín ilé kò lè bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi sípíkà ńlá kan pariwo máa ń dàrú mọ́ra ni, pé sípíkà kéékèèké púpọ̀ tí kò pariwo jù ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé èèyàn. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé aago iná lè máa sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohùn yẹn dáadáa, nítorí òun gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí.

Alága fẹ́ kó jẹ́ òyìnbó nìkan. Mo kọ̀ jálẹ̀. Nínú ilé wa, bí nǹkan bá fẹ́ pa èèyàn, Yorùbá ló ń bọ́ lẹ́nu wa. Alhaja tó ń ta gèlè ní àjà kẹta la mú, nítorí tó bá pe oníbàárà láti òkè, wọ́n ń gbọ́ ọ ní títì. Ẹnjiníà gbé ìwé wá tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Iná ti ṣẹ́ yọ nínú ilé yìí." Alhaja kà á, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ wò ó, tí mo bá ní kí oníbàárà fara balẹ̀, mo ń fún un ní àga ni. Wọn á jókòó." Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì tún ní ti iná yẹn ńkọ́? Bí sípíkà bá há, tí èèyàn ò gbọ́ ju "iná ti" lọ, gbogbo ilé á pariwo pé NẸ́PÀ ti mú iná dé, wọ́n á sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀. A jókòó lé e lórí fún bíi wákàtí kan. Ohun tí a fẹnu kò lé nìyí: "Ilé ń jóná. Ẹ fi ọjà sílẹ̀. Ẹ gba àtẹ̀gùn jáde báyìí. Ẹ má padà wọlé." Aago á kọ́kọ́ dún lẹ́ẹ̀mẹta, á sinmi, ohùn Alhaja á wọlé, lẹ́yìn náà Ìgbò, láti ẹnu ẹni tó ń ta bàtà nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà òyìnbó.

Inú ṣọ́ọ̀bù mi la ti gba ohùn náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun ìṣáì, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ti sùn. Ẹnjiníà ló yan ibẹ̀. Ó ní aṣọ máa ń gbé ohùn mì, kì í jẹ́ kó ta padà. Alhaja dúró láàárín bẹ́ẹ̀lì léèsì, ó mú ìwé dání, gílóòbù kan ṣoṣo ló wà lórí wa. Ní àkọ́kọ́, igbe ló fi sọ ọ́. Ẹnjiníà ní, "Alhaja mi, ẹ bá wa sọ ọ́ bí ìgbà tí ẹ bá ń sọ fún ọmọ yín pé kó kúrò lójú títì." Èyí tó tẹ̀ lé e ni a lò. Mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ.

Bátìrì ńkọ́? Méjì ló wà nínú àpótí báyìí, wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Bí iná bá lọ, aago á wà láàyè fún wákàtí 24, lẹ́yìn èyí á ṣì lè fi ìṣẹ́jú 15 sọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì ti kúrò lẹ́yìn fírísà. Ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ní àjà kọ̀ọ̀kan, kò tó mítà kan àti ààbọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹlẹ̀ tó fún Ìyá Ìbejì.

Ibi tí obìnrin yìí ti gba ọkàn mi ni ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Nítorí olè, géètì irin ló wà níbẹ̀, àgádágodo ńlá sì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ ọlọ́dẹ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, ọlọ́dẹ sì máa ń lọ jẹun. Ẹnjiníà ní òun ò ní tan aago náà níwọ̀n ìgbà tí àgádágodo bá ṣì wà níbẹ̀, pé ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá gbọ́dọ̀ ṣí láti inú láìsí kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú, wọ́n ní ẹni tí a ń sanwó fún ò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún wa. Mo bi wọ́n pé ta ni nínú wọn ló lè kúnlẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ nínú èéfín dúdú. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbà. Wọ́n fi ọ̀pá gbọọrọ sí ilẹ̀kùn náà, tí èèyàn bá ti fi ìdí tàbí ọwọ́ tì í láti inú, á ṣí. Láti ìta, kò ṣeé ṣí.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,800,000. ₦75,000 ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan dá. Owó gidi ni, mi ò ní sọ pé kò wọni lára.

Àléébù wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún wa, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń mọ èéfín sẹ́nu ilé ìdáná Ìyá olóúnjẹ, aago sì ké lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí ẹja díndín. Ó yẹ kí wọ́n ti rí ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń mọ ooru nìkan, kò sì tún ké mọ́. Nínú àtẹ̀gùn iwájú, tí táìlì wà nílẹ̀ àti lára ògiri, ohùn Alhaja ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù. Wọ́n ti wá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sàn, kò tíì mọ́ dáadáa. Àwa náà lẹ́bi: ẹnì kan ní àjà kẹta to bẹ́ẹ̀lì kan òrùlé títí ó fi bo sípíkà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti télọ̀ tó wà ní àjà kejì. Adití ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa ohùn yìí, kò kàn án. Ẹ̀bá jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀ nìkan ni Ẹnjiníà fi iná tó ń ṣẹ́jú sí, ibi tí ariwo ti pọ̀ jù, kò sì sẹ́ni nínú wa tó rántí télọ̀, títí kan èmi tí mò ń gbé aṣọ fún un rán. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, tí gbogbo ilé ti jáde, mo wo títì, mi ò rí i. Mo sáré gòkè padà. Ó tẹrí mọ́ máṣíìnì rẹ̀, ó ń ran kọ́là bùbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ti ra irú iná tó ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ mẹ́ta sí i, ọ̀kan wà lórí ògiri tó kọjú sí máṣíìnì rẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìṣẹ́jú 11 la fi jáde, nítorí kálukú ló ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Olè ni wọ́n ń bẹ̀rù ju iná lọ. A wá fẹnu kò pé bí ohùn bá ti dún, ọlọ́dẹ méjèèjì á dúró ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé, ìbáà ṣe alága. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà ìmọ́tótó ọjà, la máa ń tẹ bọ́tìnnì kan wò, bọ́tìnnì mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn pé ilé máa ń dákẹ́ láàárọ̀, nítorí náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọ̀sán la fi ń ṣe é, kí a lè gbọ́ ohùn náà nínú ariwo tó máa bá. Aago kan ọ̀sán, Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù. Alága plásà tàbí onílé tó bá fẹ́ fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lè wá. Kó béèrè akápò, ṣọ́ọ̀bù kẹta lápá òsì nísàlẹ̀.